Ìlànà Tí Kò Ní Káàdì

Eegun ìka márùn-ún ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ọkùnrin tó gbé wọn dání.

Ọkùnrin náà dúró níwájú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kejì, ó na fíìmù dúdú kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi òjò ń kán tó, tó, tó, láti etí aṣọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ọwọ́ kan tẹ́ sára fíìmù yẹn, gbogbo eegun rẹ̀ funfun nini, bí ẹni pé ẹnìkan ń ti òde kí ará ilé. Láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, ojú kan yọ. Ojú náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú o, àǹtí," ó ní. "Mò ń wò ó bóyá òjò ti pa á ni. Ọwọ́ màmá àgbà kan ni. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé òjò ò ní kan ọwọ́ wọn."

Ó yẹ kó dáhùn. Ó yẹ kó tilẹ̀ kí i kú òjò. Àmọ́ ohùn ọmọbìnrin yìí kì í tètè jáde níwájú àlejò. Ó máa ń dúró sí ọ̀nà ọ̀fun bí ọmọ tó gbọ́ pé èèyàn wà ní pálọ̀. Ó kàn mi orí, ó di ife tíì ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, ó sì tọ́ka sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n wá bá Oníbodè," ọkùnrin náà ní, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọkùnrin gìrìpá kan tó mú kùmọ̀ lọ́wọ́. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Èmi ni," ó ní wẹ́lẹ́.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi náà."

"Háà. Ẹ̀yin lẹ wá ni bodè tí mo ti ń kàn láti oṣù kan, tí ẹnì kankan ò dá mi lóhùn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, ó sì yára fi ife bo ẹnu.

Kò sí géètì onírin kankan lọ́wọ́ Oníbodè. Ilé iṣẹ́ wọn ló ń bá àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ tọ́jú kọ̀ǹpútà ńláńlá sínú yàrá tútù kan nísàlẹ̀ ilé, wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni kan tí wọ́n ń pè ní àwọsánmọ̀. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àwọsánmọ̀ kẹ̀? Ta ló wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọsánmọ̀?"

"Èmi ni, bàbá."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú ilé yẹn ló ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, bí orúkọ tí a ń pe ọmọ láàárín ẹbí, tí ará òde kò gbọ́ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, bodè á gba tinú ilé lọ́wọ́ wọn, á fún wọn ní ti òde, ẹyọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń pín lò, bí ọmọ ìyá méje tí ń pín ẹ̀wù kan wọ̀ jáde. Bí èsì bá dé, bodè á rántí ẹni tó rán iṣẹ́, á sì mú èsì lọ bá a. Àmọ́ ẹni tó bá ti òde wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é, bodè kò ní dá a lóhùn rárá. Àfi kí ìlànà kan wà nílẹ̀ tó sọ pé: ẹni tó bá ti ibi báyìí wá, tó kan ilẹ̀kùn báyìí, ẹ pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì tó kọ sára ẹrù rẹ̀ sí tinú ilé, kí ẹ mú un lọ bá kọ̀ǹpútà báyìí.

Àwọn ìlànà wọ̀nyí ni iṣẹ́ rẹ̀. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n, ó sì mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti kọ́ ọ. Bàbá ń tún àgádágodo ṣe, ó sì ń gé kọ́kọ́rọ́, ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan nísàlẹ̀ ilé tí àwọn méjèèjì ń gbé. Ìyá ọmọbìnrin náà ti kú nígbà tó wà ní kékeré, kò sì lọ sílé ẹ̀kọ́ bí àwọn ọmọ yòókù. Ìdí tábìlì iṣẹ́ yẹn ni bàbá ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Káàdì ara kọ́kọ́rọ́ ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí bàbá ń gbé kọ́ ara ògiri láìbi oníbàárà ní ohun mẹ́ta: Ti ta ni? Kí ló ń ṣí? Títí dìgbà wo? Á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí káàdì, á fi okùn so ó. Èyí tí kò bá ní káàdì, inú agolo ló ń lọ, bí oṣù bá sì parí, bàbá á fi fáìlì ra eyín rẹ̀ dànù.

"Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní olúwa," bàbá máa ń wí, "olè ló ń dúró dè."

Ọmọ rẹ̀ náà wá ń so káàdì mọ́ ìlànà. Àyè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀ ń fi í sílẹ̀ lófìfo. Òun ń kọ ọ́: Ta ló béèrè? Kí ló wà fún? Títí dìgbà wo? Ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kan mọ́ ògiri pé: ÌLÀNÀ TÍ KÒ BÁ NÍ KÁÀDÌ NÍGBÀ TÍ OṢÙ BÁ PARÍ, Ẹ YỌ Ọ́.

Ọkùnrin olójò yẹn ní ayàwòrán eegun ni òun, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lódìkejì odò. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun fún wọn, ẹ̀rọ náà sì lè fi àwòrán ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ dókítà kan ṣoṣo tó ń bá wọn ka eegun, inú àwọsánmọ̀ Oníbodè ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Bodè kò ṣí. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé fíìmù sọdá afárá, lójò lẹ́ẹ̀rùn.

"Ẹ fún mi níṣẹ́jú mẹ́wàá," Oníbodè ní.

Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohùn rẹ̀ kì í wọ́n. Ó béèrè àdírẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn wọn, ó kọ ìlànà náà tóóró kí ó má baà gba ẹlòmíràn wọlé, ó sì wá ibi tí yóò fi í sí, nítorí láti òkè ni bodè ti ń ka ìlànà wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá àlejò mu ló ń mú un lọ. Ayàwòrán pe ilé ìwòsàn lórí fóònù, ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ìlà kan tàn lójú kọ̀ǹpútà.

"Ó wọlé," Oníbodè ní.

"Ẹ rí àwòrán náà?"

"Mi ò lè rí i, kò sì yẹ kí n rí i. Ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, bó ṣe ń kọjá."

Ọkùnrin náà wò ó. "Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu yín o, Oníbodè. Kí ló dé tí ẹ ń ṣọ́ ọ ná?"

Káàdì ló kù. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá fi ń kọjá lọ, Ọ̀gá tó jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ilé kẹta á gbọ́.

"Ah-ah! Oníbodè, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wá wò ó! Kọ orúkọ arákùnrin yẹn sílẹ̀ gàdàgbà o, ká lè mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ẹ!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ara ọmọbìnrin náà gbóná láti ọrùn dé etí. Káàdì ìlànà, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń rí i. Bó bá kọ orúkọ yẹn síbẹ̀ báyìí, wọn ò ní jẹ́ kó rímú mí títí ọdún á fi yí. Ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Màá kọ ọ́ lọ́la, ó wí fún ara rẹ̀.

Kò kọ ọ́ lọ́la. Kò kọ ọ́ lọ́túnla.

Láti ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ á dún lọ́sàn-án.

"Oníbodè, ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, Ayàwòrán."

"Ṣé kò kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò kọsẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Tèmi ńkọ́?"

Ó yọjú lójú fèrèsé. Ayàwòrán wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń juwọ́ bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀.

Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi tó wà lẹ́nu àbáwọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín búrẹ́dì jẹ. Ayàwòrán ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ọmọbìnrin náà ń gbọ́, àmọ́ gbígbọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí kò ní nǹkan sọ. Ohun tí ọkùnrin náà bá sọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, á gbé e wá sí bẹ́ǹṣì lónìí, á dá a lóhùn, bíi pé ó ti ń gbé e yí lẹ́nu láti ọjọ́ yẹn.

"Ṣé a ò lè fi 'ẹ̀yin' yìí sílẹ̀ báyìí?" Ayàwòrán bi í lọ́jọ́ kan. "Ó ń ṣe mí bíi pé èmi àti ìgbìmọ̀ kan la jọ ń jẹ búrẹ́dì."

"Ó dáa. Ìwọ."

"Tún un pè."

"Ìwọ. Jẹ búrẹ́dì ẹ, jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ tí oṣù méjì pé, Ayàwòrán mú àpòòwé fẹ̀fẹ̀ kan wá. Fíìmù ọwọ́ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là á kọjá lókè ọrùn ọwọ́.

"Ọwọ́ mi ni, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Orí ògiri ni mo ti já. Bàbá tó ya àwòrán yẹn ní tí n bá lè dákẹ́ ẹkún, àwọn á fi inú ara mi hàn mí. Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ tí màá ṣe." Ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. "Tọ́jú ẹ̀ bá mi. Mi ò ní nǹkan mìíràn tó pẹ́ lọ́wọ́ mi tó o."

Ó tọ́jú rẹ̀. Inú dírọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ló fi í sí, lábẹ́ ìwé àtijọ́, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni oṣù ti parí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àyẹ̀wò ìlànà tí kò ní káàdì. Bó bá dé orí ti Ayàwòrán, á rọra fò ó bí ẹni tó ń fo ọmọ tó sùn sójú ọ̀nà. Bàbá náà kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá ní. Ọjọ́ tó bá dárúkọ ọkùnrin fún un, àfàìmọ̀ kí bàbá má bẹ̀rẹ̀ sí í wo àga tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí bí ẹni pé ó ti ṣófo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó di fóònù mọ́ etí, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọ̀fun. Bàbá gbójú sókè lára àgádágodo.

"Ta ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, bàbá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Ayàwòrán gbọ́ ọ nínú fóònù. "Ó dáa," ó ní. "Ó dàárọ̀ o."

Ọjọ́ tí oṣù kẹta parí bọ́ sí ọjọ́ tí bàbá ń lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Ọmọ gba ìsinmi, ó mú un lọ, wọ́n sì padà pẹ̀lú awò tuntun lójú bàbá, tí bàbá ń ka gbogbo pátákó tó wà lójú títì sókè bí ọmọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ọ̀gá jókòó sídìí tábìlì ọmọbìnrin náà, ó wo ìwé tó wà lára ògiri, ó sì ṣe ohun tí ìwé náà wí. Ìlànà kan ṣoṣo ni kò ní káàdì. Ó yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù kò dún lọ́sàn-án. Iṣẹ́ ló pọ̀, ọmọbìnrin náà rò. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá pè é wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn, ohun tí kì í ṣe.

"Ilé ìwòsàn òdìkejì odò pè," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ kò dé ilé kejì. "Àwòrán wọn ò dé ọ̀dọ̀ dókítà láti ọjọ́ méjì. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣubú, ìbàdí ẹ̀ kán. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń retí èsì. Ayàwòrán ń búra pé òun ti fi ránṣẹ́, dókítà ń búra pé òun ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n ti fún un ní lẹ́tà, kó lọ jókòó sílé ná."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ṣí ìwé tí bodè fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni ẹnìkan ti òdìkejì odò wá kan ilẹ̀kùn. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni bodè dákẹ́, bíi pé kò sí ilé níbẹ̀. Ẹ̀rọ Ayàwòrán ń kọ ọ́ pé "ó ti lọ", nítorí pé lóòótọ́ ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu tó pa mọ́ jù ló kó ọ̀ràn bá ẹlòmíràn.

"Gbọ́," Ọ̀gá ní lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti dá ìlànà tí mo yọ yẹn padà. Bí a bá ní ọ̀dọ̀ wa ló ti bàjẹ́, wọ́n lè kó iṣẹ́ wọn kúrò, lẹ́tà tìrẹ náà á sì wà níbẹ̀. Jẹ́ ká dákẹ́. Wọ́n á rò pé ẹ̀rọ tiwọn ló ń ṣe ségesège."

"Àwòrán ńkọ́... Ayàwòrán ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀.

Ó lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí àpótí tó ti kọ́ ìwé kíkà, ó gbé fíìmù ọwọ́ ọmọdé náà lé tábìlì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọwọ́ màmá àgbà nínú òjò títí dé orí ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn nígbà mọ́kànlélógójì. Bàbá fi awò tuntun wo eegun náà pẹ́.

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àbí?" ó ní.

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún.

"Kò burú. Nu ojú ẹ." Bàbá fà á mọ́ra. "O rò pé mi ò gbọ́ bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín? Irú ẹ̀rín ìyá ẹ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o máa so káàdì mọ́ nǹkan, mo wá gbàgbé láti kọ́ ọ pé ohun tí ó wù wá jù ló yẹ ká kọ́kọ́ so ó mọ́." Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó lójú. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Má fi fóònù sọ ọ́. Dìde."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọdá afárá, ó di ìwé àkọsílẹ̀ bodè mọ́ àyà. Mátíróònù tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn náà jókòó láàárín àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń gba iṣẹ́ àárọ̀. Gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ... ẹ káàárọ̀, mà. Kò purọ́."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ọmọ mi. Mi ò gbọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ní Ayàwòrán yín ò purọ́, mà! Ìgbà mọ́kànlélógójì ló kan ilẹ̀kùn wa. Ó wà nínú ìwé yìí. Ìlànà tó ń mú àwòrán ẹ̀ wọlé, èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mi ò so káàdì mọ́ ọn. Ohun tí kò bá ní káàdì, yíyọ là ń yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nìyẹn."

Mátíróònù gba ìwé náà, ó kà á, ó sì gbójú sókè. "Wọ́n ní ẹ̀yin kì í fi káàdì sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ti èyí sílẹ̀?"

Ìbéèrè tó ń bẹ̀rù jù nìyẹn.

"Nítorí pé mo fẹ́ràn ẹ̀, mà. Ojú sì ń tì mí, mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀."

Ẹnìkan húkọ́. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Mátíróònù yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gba àlàyé lẹ́nu òṣìṣẹ́," ó ní, "mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ẹ jókòó kí ẹ mu omi. Màá pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Olùkọ́ wa ti gba iṣẹ́ abẹ, ó sì ti ń tún àṣìṣe èdè àwọn nọ́ọ̀sì ṣe, ara ẹ̀ ti ń yá. Àmọ́ ìrora ọjọ́ kan yẹn, ẹ lọ máa rántí ẹ̀."

"Màá rántí, mà."

Ilé Ayàwòrán kò jìnnà síbẹ̀. Òkè àtẹ̀gùn kan ni, yàrá méjì. Ayàwòrán ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án tán. Mátíróònù ti pè é.

"Ṣé orúkọ mi ló tì ọ́ lójú ni?" ó bi í. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ béèrè, mo gbọ́. O ní kò sẹ́nì kankan. Mo ní kò burú, ìtìjú ni. Àmọ́ olùkọ́ yẹn di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ fún wọn pé, 'Ó ti lọ, bàbá, ó ti lọ.' O sọ mí di òpùrọ́ lójú ẹni tí ìrora ń pa."

"Orúkọ ẹ kọ́ ló tì mí lójú," ó ní. "Ara mi ni. Mo rò pé bí n bá pa á mọ́, kò ní bàjẹ́. Má bínú."

Ayàwòrán fara ti férémù ilẹ̀kùn. "Mo gbọ́. Jẹ́ kí n rò ó ná." Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, àmọ́ ó dúró títí ọmọbìnrin náà fi sọ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kó tó fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó kọ káàdì náà. Lẹ́yìn náà, kò dá fíìmù náà padà sínú dírọ́ọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé rẹ̀, níbi tí oòrùn á ti máa là á kọjá. Lẹ́tà tirẹ̀ dé lóòótọ́: wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí bodè fún oṣù kan, wọ́n ní kó lọ máa tú wáyà àtijọ́ tó lọ́ pọ̀ lábẹ́ àwọn tábìlì. Kò janpata.

"Oníbodè, ta ló ni ọwọ́ tó wà ní fèrèsé yìí?" àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í.

"Ti ẹni tí mò ń fẹ́ ni," ló ń dáhùn lábẹ́ tábìlì. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ méjìlá kọjá láìsí ìpè. Ó ń tú wáyà, ó ń ká a, ó ń fi okùn dì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹtàlá, fóònù orí tábìlì rẹ̀ dún, Ọ̀gá ló sì gbé e.

"Oníbodè? Ó wà nínú wáyà... Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wọlé dáadáa... Káàdì? Káàdì wà níbẹ̀ báyìí, ó tilẹ̀ gùn ju ìlànà lọ! Ẹ dúró kí n kà á sí yín létí."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..." ó ní lábẹ́ tábìlì. Ó ti pẹ́ jù. Ohùn yẹn ti gbéra.

"Ta ló béèrè? Orúkọ yín rèé, ní kíkún, ayàwòrán eegun. Kí ló wà fún? Kí àwòrán lè tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí aláìsàn má jókòó pẹ́. Títí dìgbà wo? Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Ó tún fi kún un níbí: ẹni tó bá fẹ́ yọ ìlànà yìí, kó kọ́kọ́ wá bi mí. Mo mọ olúwa rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀."

Gbogbo yàrá yíjú sí abẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́rùn, ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí, àmọ́ kò sá. Ọ̀gá tẹ́tí sí fóònù.

"Ó ti gbé fóònù kalẹ̀," ó ní, ó sì ń nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí eruku kó sí lójú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń bá bàbá nu kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí òjìji kẹ̀kẹ́ kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."

"O kú o, ọmọ mi. Kí la ó bá ọ ṣe?"

"Kọ́kọ́rọ́ kan ni, sà. Ẹ bá mi gé irú ẹ̀." Ayàwòrán gbé e lé tábìlì. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọbìnrin náà wà. Tàbí kó jẹ́ pé kò gbójúgbóyà.

Bàbá ti awò rẹ̀ sókè. Ọrùn ọwọ́ àlejò ló kọ́kọ́ wò, kó tó wo kọ́kọ́rọ́. "Ọwọ́ yìí ti kán rí, àbí?"

"Ó ti kán rí, sà. Ó ti jinná."

"Mo rí i pé ó jinná." Bàbá fa káàdì kan yọ, ó lá ẹnu pẹ́ńsù. "Ti ta ni?"

"Ti ọmọ yín ni, bàbá."

Pẹ́ńsù dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. "Kí ló ń ṣí?"

"Ilé mi. Yàrá méjì péré ni, àmọ́ fèrèsé ẹ̀ tóbi. Bó bá gbà, kó di ilé wa."

"Títí dìgbà wo?"

Ayàwòrán la ẹnu. Òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ó wá gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà, bí ó ṣe wò ó láàárín eegun ìka lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kàn jẹ́ pé lónìí kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́," bàbá ní, "èmi kì í bá a so káàdì lófìfo o. Ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tó ń dá sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà fi aṣọ tó fi ń nu kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀, gàdàgbà, kí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè kà á: Títí ọjọ́ alẹ́ àwa méjèèjì.

Bàbá fi awò tuntun kà á. Ó tún un kà. Ó wo àga tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí, ó tún wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ ìgékọ́kọ́rọ́. Nígbà tó pa á, kọ́kọ́rọ́ tuntun méjì ló wà lórí tábìlì.

"Bàbá, ẹyọ kan ni mo ní kí ẹ gé."

"Mo gbọ́. Ìkejì, tèmi ni." Bàbá ti ń kọ káàdì rẹ̀, ó ń ka ohun tó ń kọ sókè: "Ti bàbá ni. Láti máa wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi." Ó yíjú sí ògiri, ó sì pẹ́ níbẹ̀, ó ń wá ìṣó tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣó pọ̀ lára ògiri náà lọ jàra.

Ayàwòrán fara súnmọ́ tábìlì.

"Oníbodè," ó ní wẹ́lẹ́, "ṣé ó wọlé?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ṣì gbóná láti ẹnu ẹ̀rọ.

"Ó ti wọlé tipẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ojú títì. "Èmi ni mi ò kọ ọ́ sílẹ̀."